Farquhar Tó Kórìíra Ike

Ọkọ àbúrò mi ni Farquhar Gillies, nítorí náà mo lẹ́tọ̀ọ́ láti bú u. Ọ̀bẹ dúdú ló ń ṣe, èyí kékeré tí àwọn ọkùnrin wa ń kì bọ ẹnu ìbọ̀sẹ̀ wọn bí wọ́n bá wọ kílíìtì, aṣọ ìbílẹ̀ wa tó mọ lórúnkún, lọ sóde. Ẹ má pe kílíìtì ní yẹ̀rì o, bí ẹ bá ṣì fẹ́ fi eyín yín jẹran.

Iṣẹ́ rẹ̀ dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Sísọ́ọ̀sì àtijọ́ tí wọ́n fi ń rẹ́ irun àgùntàn ló fi ń rọ irin ọ̀bẹ. Ìwo tí àwọn akọ àgbọ̀nrín bọ́ sílẹ̀ lórí òkè ló ń ṣà láti fi gbẹ́ èkù, tàbí kó hú igi dúdú nínú ẹrẹ̀, igi tó ti rì síbẹ̀ kí baba ńlá ẹnikẹ́ni tó dáyé. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n Farquhar ní òun ò nílò ẹnikẹ́ni. Awọ ẹja ló fi ń dán ìwo. Àtè tó ń lẹ irin mọ́ èkù, òun náà ló ń sè é: awọ màlúù ni yóò dà sínú ìkòkò Effie, àbúrò mi, tí yóò máa hó títí tí yóò fi yọ́. Awọ tí àwọn ẹlòmíì ì bá fi se ọbẹ̀ aládùn! Òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ bọ̀rọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwa ẹbí Farquhar nìkan la máa ń ní odindi bẹ́ǹṣì fún ara wa.

Gbogbo èyí ì bá ṣe é fara dà, bí kò bá sí ti ẹnu rẹ̀. Ọ̀tá Farquhar láyé yìí ni ike. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, ike ni èkù wọn, ojú Farquhar ò sì lè gbà á. Bí ẹ bá dé ibi òkú, tí ẹ rí ọkùnrin tó tẹ̀ba tó ń yẹ ojúgun àwọn ọlọ́fọ̀ wò, òun nìyẹn. "Ike!" ni yóò ké, òkú ò sì tíì wọlẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá ni Marsali, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, mú ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wálé. Lachlan ni orúkọ ọmọ náà, apẹja ni, ọmọ gidi. Ó fi ọ̀bẹ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó han àna rẹ̀, ó rò pé inú rẹ̀ yóò dùn.

"Kí nìyí?" Farquhar bi í.

"Ọ̀bẹ bàbá wa àgbà ni, sà. Òun ni wọ́n fi gé kéèkì ìgbéyàwó wọn. Bàbá mi náà, kí wọ́n tó kú sómi, òun ni wọ́n lò."

"Ike ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ṣùgbọ́n..."

"Ṣé ike lọmọ mi jọ lójú ẹ ni? Bí nǹkan yìí bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ibẹ̀. Kí ẹlòmíì fà á lé ọ lọ́wọ́."

Ilé mi ni Marsali ti wá sunkún. "Àǹtí, wọn ò ní wá. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn ò ní wá lóòótọ́." Ọmọ tó jẹ́ pé láti kékeré ló ti ń sọ pé apá bàbá òun lòun máa dì mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì! Inú bí mi, mo gba ilé wọn lọ.

"Farquhar, ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ àṣà ni."

"Àṣà wo? Àṣà kí ọmọ dá wọ ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tí ò ní baba?"

"Èmi fúnra mi á ṣe ọ̀bẹ fún ọmọkùnrin yẹn. Ọ̀fẹ́! Kí ló tún kù?"

Ohun tó kù ni pé kí Lachlan gbé ọ̀bẹ baba ńlá rẹ̀ pamọ́ nítorí àlàáfíà. Ó gbé e pamọ́. Ará èbúté ni òun àti Dolina, ìyá rẹ̀. Àwọn ará èbúté kì í sábà sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń tọ́jú ọ̀rọ̀ pamọ́ de ọjọ́ rẹ̀ ni.

Farquhar gbẹ́ ìwo ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó di Marsali lápá mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àyà rẹ̀ yọ síwájú bí ẹni pé òun ni ìyàwó. Ọ̀bẹ náà rẹwà lẹ́sẹ̀ Lachlan, gbogbo èèyàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Farquhar sì rí i dájú pé gbogbo èèyàn sọ bẹ́ẹ̀.

Òdìkejì ọ̀sà ni kéèkì ti ń bọ̀, ọkọ̀ ojú omi sì pẹ́, a bá bẹ̀rẹ̀ ijó ná. Fèrè alápò ń ké, gbọ̀ngàn abúlé gbóná bí inú ààrò. Lachlan jó bí ẹni tó ń fa àwọ̀n ẹja. Òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ wọ inú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn. Farquhar náà jó títí, ojú rẹ̀ pọ́n.

Kéèkì dé. Ọkọ ìyàwó bẹ̀rẹ̀, ó fa ọ̀bẹ yọ kí wọ́n fi gé e. Èkù nìkan ló jáde. Irin ọ̀bẹ jókòó jẹ́ẹ́ sínú àkọ̀ rẹ̀ lójúgun. Àtè ti yọ́. Ohun tó ti inú ọbẹ̀ wá ti padà di ọbẹ̀.

"Ta ló ti fèrèsé?" Farquhar jágbe. "Ooru ibí yìí ti pọ̀ jù!"

"Kò burú," Marsali dá a lóhùn, ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ yá wa ní tiyín."

"Tèmi kẹ̀? Tèmi kì í ṣe ti kéèkì."

"Farquhar, fún ọmọ lọ́bẹ," ni Effie wí. Kò dúró de èsì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fà á yọ ní ìbọ̀sẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó gbé e sókè síbi iná.

Atẹ́gùn fẹ́, a rí fùrọ̀ adìẹ. Ike ni! Ike tí wọ́n kùn kó lè jọ ìwo.

Ẹ̀rín bú gbàù ní ìjókòó àwọn ará èbúté. Bí Farquhar bá ti panu mọ́, ẹ̀rín náà ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní láti sọ̀rọ̀.

"Ṣé kí n má jó ni?" ó bi wá. "Ṣebí mo mọ bí àtè yẹn ṣe máa ń ṣe bí ara bá gbóná!"

Ẹ̀rín dá. "Ẹ mọ̀?" Marsali bi í. "Bàbá, ẹ mọ̀, ẹ sì fi sí ẹsẹ̀ ọkọ mi?"

 Farquhar wo Effie, ó wò mí; èmi yíjú sí kéèkì. Níkẹyìn ó súnmọ́ ọmọkùnrin náà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́.

"Lachlan, má bínú. Ọ̀bẹ bàbá yín àgbà yẹn... ṣé ó máa ń gé kéèkì dáadáa?"

"Ó gé ti ìgbéyàwó méjì, sà," Lachlan dáhùn. "Ẹ̀kẹta lẹ ò jẹ́ kó gé."