Ọkọ̀ Àlòkù Tí Mo Rà Létí Odò Ọya

Káfíńtà ni mí ní Katako, ọjà pákó ìlú Niamey. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kan bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tó yẹ kó dá pákó tó ti jẹrà mọ̀, èmi ni.

Lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù, èyí tó ní òrùlé àti ẹ́ńjìnnì, tí màá fi máa gbé àwọn èèyàn ṣeré lórí Odò Ọya lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Mo ti sọ ọ́ kiri gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó rí ọkọ̀ kankan. Èmi àti ìyàwó mi wo mẹ́ta. Ìkínní kéré jù, ẹ́ńjìnnì ìkejì ń rú èéfín bí ààrò. Ìkẹta ló wọ̀ mí lójú: ọ̀dà búlúù ń dán lára rẹ̀, tìmùtìmù sì wà lórí àga rẹ̀.

Bàbá arúgbó kan jókòó nítòsí, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Apẹja ni, ọmọ ẹ̀yà Zarma ni. Ó fi Haúsá sọ fún mi pé kí n má rà á, pé igi abẹ́ ọ̀dà yẹn ti jẹrà, kí n fi ọ̀bẹ gún ìdí rẹ̀ wò.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká gún un wò."

Inú bí mi, torí ẹni tó ń tà á wà níbẹ̀, ó ti ń pè mí ní ọ̀gá. Mo fi Yorùbá dá ìyàwó mi lóhùn pé, "Fi arúgbó yìí sílẹ̀. Ẹja ló mọ̀. Kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ pákó?" Mo tún rẹ́rìn-ín. Bàbá náà ò gbójú kúrò lórí àwọ̀n rẹ̀. Mo sanwó.

Ibi tí màá so ọkọ̀ sí ló wá di wàhálà. Àwọn tó ń gbin ewébẹ̀ létí odò ní àwọn ò fẹ́ kí epo ẹ́ńjìnnì ba omi àwọn jẹ́. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ lé mi. Ẹnìkan ní kí n lọ bá olórí àwọn apẹja, pé òun ló ń pín èbúté fúnni. Nígbà tí mo débẹ̀, bàbá yẹn gan-an ni.

Mo fi Haúsá bẹ̀ ẹ́. Yorùbá ló fi dá mi lóhùn, Yorùbá tó já gaara ju ti àwọn ọmọ mi tí a bí sí Niamey lọ.

"Ẹja ni mo mọ̀. Ṣé ẹja lo fẹ́ so mọ́lẹ̀ ni?"

Ó ní ọdún mọ́kànlá lòun fi la gẹdú n'Íbàdàn nígbà èwe òun.

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń wò mí, wọn ò mọ ohun tí mo ṣe. Ìyàwó mi mọ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

"Dìde," ni bàbá wí. "So ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Bó bá ń rì, màá tètè rí i."

Lọ́jọ́ kẹrin, ó rì dé àga. Òun àti àwọn apẹja ló bá mi wọ́ ọ gòkè. Mo ti ọ̀bẹ bọ ìdí rẹ̀, ó wọlé bí ẹni ń gé mọ́ínmọ́ín. Pákó mẹ́fà la yọ. Bàbá ló yan igi, èmi ń gé e, mo sì ń kàn án bó ṣe ní kí n ṣe é, bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá ló bá mi wa ọkọ̀. Alàgbà kan fọwọ́ pa pákó tuntun náà, ó ní, "Káfíńtà, o mọ ọkọ̀ yàn o!" Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kí n sọ ẹni tó ni ìyìn.

"Ẹ ṣé, sà," ni mo wí.

Ìyàwó mi yíjú sí odò. Bàbá ń wakọ̀ lọ ní tiẹ̀. Títí di òní, mi ò tíì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.