Nítorí Apá Ọkùnrin Kan

Káfíńtà ni mí, iṣan apá mi sì yọ ketekete bí okùn. Nígbà tí ìyàwó mi ń kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò onítànṣán nílé ìwòsàn, apá yìí ló fi ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n á fa oògùn onítànṣán sí iṣan aláìsàn, ẹ̀rọ ńlá kan á wá máa ya àwòrán ibi tí oògùn náà bá dé nínú ara. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣi iṣan, àwòrán bàjẹ́ nìyẹn. Torí ẹ̀ ló ṣe ń de rọ́bà mọ́ mi lápá nírọ̀lẹ́, tí á máa fìka wá iṣan kiri. Kò gún mi o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọkọ tí ìyàwó yín níṣẹ́ lọ́wọ́, ìgbà wo ló dì yín lọ́wọ́ mú gbẹ̀yìn?

Ó ku díẹ̀ kó ṣèdánwò àṣekágbá ló bá dáwọ́ dúró.

"Ìyá Ìbejì, rọ́bà ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, Bàbá Ìbejì. Iṣan tiyín ti rọrùn jù, afọ́jú gan-an á rí i. Tàwọn arúgbó máa ń sá pamọ́ ni, àfi bíi pé òtútù mú un. Ẹnì kan wà ní kíláàsì wa tí iṣan tiẹ̀ náà ò ṣeé rí, òun la fi ń kọ́ ọ báyìí."

"Ọkùnrin àbí obìnrin?"

"Ọkùnrin ni."

Mo jowú, kí n má parọ́. Mo lọ wò ó lẹ́nu géètì iléèwé wọn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lásán, apá bí igi ìṣáná! Ẹni tí ò lè gbé pákó kan ṣoṣo ni ìyàwó mi ń dì lápá mú. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Èmi tí mo síngbọnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, mo ra yìnyín, mo da á sínú bàsíà, mo sì ki apá bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi bá mi, tí eyín mi ń gbá ara wọn.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

"Mo ti fi iṣan mi pamọ́. Wá wá a."

Ó mú rọ́bà. Ó tẹ apá mi níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó dijú. Ó pẹ́ gan-an kó tó rí i. Apá mi ti kú tipiri, inú mi sì ń dùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó sáré wọlé.

"Mo yege! Bàbá arúgbó kan ni wọ́n gbé fún mi, apá wọn tutù bíi tiyín àná gẹ́lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gún wọn!"

Mo gbá a mọ́ra. Inú mi dùn dénú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi.

"Bàbá yẹn, ṣé o di ọwọ́ wọn mú pẹ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Èsì ni mò ń dúró dè.