Bàtà Tí Mo Yàn fún Òkè Yìnyín

Nígbà tí mo ṣì kéré lábúlé wa, ọmọdé kì í bá àgbà lọ sọ́jà ra bàtà. Ẹsẹ̀ rẹ á jókòó sílé, ìwọ̀n rẹ̀ ni yóò lọ. Nígbà tí ọdún Kérésì kan ń bọ̀, bàbá mi pè mí sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n dúró ṣinṣin. Ó fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi láti gìgísẹ̀ dé orí ọmọ ìka ńlá. Lẹ́yìn náà ló gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé iwájú, ó fi ìbú rẹ̀ kún un, kó tó ṣẹ́ ẹ. Ẹyọ ìgbálẹ̀ yẹn ló mú lọ sọ́jà, tó ń kì í bọ inú bàtà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí èyí tó gbà á.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè máa rẹ́rìn-ín. Bàtà náà tóbi débi pé ìyá mi ní láti ki òwú sí imú rẹ̀. Bí mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń lu mí ní gìgísẹ̀ pá, pá, pá, àwọn ẹgbẹ́ mi a sì mọ̀ pé èmi ni mò ń bọ̀ kí wọ́n tó rí mi. Mo bínú sí bàbá mi. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọmọ méjì ló ti bí ṣáájú mi tí wọn ò dúró. Ìbú àtàǹpàkò yẹn ni àdúrà rẹ̀, pé èmi á wà láyé, màá dàgbà, màá sì kún inú bàtà náà. Ọdún kẹta ni ẹsẹ̀ mi tó kún un. Kí ọdún náà tó parí, bàbá mi kú, bàtà yẹn ni mo sì wọ̀ tẹ̀lé òkú rẹ̀ dé ibi tí wọ́n sin ín sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló kó mi sínú àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ fún yín.

Irving, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas ní Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ọmọbìnrin mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni òun náà bí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọmọ náà ń ṣe. Inú ooru ibí yìí ló dàgbà sí, ṣùgbọ́n yìnyín ló gbé e lọ́kàn lọ. Ó fẹ́ràn síkì, ìyẹn àwọn pátákó gígùn méjì tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Ní ìgbà òtútù èṣí, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ní àwọn máa fi ọjọ́ mẹ́jọ rin àárín àwọn òkè Colorado, níbi tí ọkọ̀ kì í dé, tí fóònù kì í ṣiṣẹ́, inú àgọ́ ni wọn á sì máa sùn. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Nígbà tí mo rí i pé kò sẹ́ni tó lè dá a dúró, mo ní èmi ni màá ra bàtà náà fún un, kó jẹ́ ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, kí èmi, ọmọ mi àti ọmọ rẹ̀ tó jọ kúrò nílé lọ ra bàtà náà, mo fa ẹyọ kan yọ nínú ìgbálẹ̀ ilé, mo fi wọn ẹsẹ̀ ọ̀tún ọmọ náà, mo fi ìbú àtàǹpàkò mi kún un, mo ṣẹ́ ẹ. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni.

Òyìnbó onírùngbọ̀n kan ló dá wa lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi irin tó ń di bàtà mọ́ pátákó hàn wá. Ó ní bí ọmọ bá ń gun òkè, gìgísẹ̀ rẹ̀ á máa gbé sókè láìsí ìdíwọ́, bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, irin á gbá a mú, ṣùgbọ́n bó bá ṣubú, irin gbọ́dọ̀ tú sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ má bàa ṣẹ́. Èyí yà mí lẹ́nu. Bàbá mi fi igbà gun ọ̀pẹ ní gbogbo ayé rẹ̀, bí igbà bá tú, òkú ni yóò bọ́ sílẹ̀. Mo jiyàn títí, òyìnbó náà kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ọmọ náà sì gbè sẹ́yìn rẹ̀. Mo gbà, àmọ́ ó dùn mí. Nígbà tí a wá kan bàtà, mo ti pinnu pé mi ò ní gbà mọ́.

Òyìnbó ní kí orí ìka ẹsẹ̀ kan imú bàtà fẹ́ẹ́, kí gìgísẹ̀ má mì. Mo ki ẹyọ ìgbálẹ̀ mi bọ inú rẹ̀, kò gbà á. Mo ní, "Èyí ti kéré jù. Nínú òtútù yẹn, ó máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ á sì wú. Ẹ gbé èyí tó tóbi jù ú lọ wá."

Ọmọ náà wọ ọ́, ó rìn díẹ̀, ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Mummy, it's too big. My heel is moving."

Ọmọ mi ń wo aago, iṣẹ́ ń dúró dè é. Ó ní, "Má bá Grandpa jiyàn, jọ̀ọ́. Just say thank you."

Ó wò mí. Mo rí i kedere pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ sáàárín ṣọ́ọ̀bù òyìnbó, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Orí mi wú. Mo ní ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́ ilé.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbéra lọ sórí òkè, ní ọ̀sán Sunday kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, ni wọ́n pe ọmọ mi láti ilé ìwòsàn kan ní Colorado. Bó ṣe rí rèé. Gìgísẹ̀ ọmọ ń yọ̀ nínú bàtà títí awọ ara fi bó. Kí bàtà má bàa máa mì mọ́, ó fún ìdè rẹ̀ pinpin, ó sì ń rìn lọ. Ìdè tó fún jù kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, òtútù sì pa wọ́n. Lọ́jọ́ karùn-ún làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i pé ìka ti dúdú, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ pe hẹlikópítà. Nígbẹ̀yìn, ìka mẹ́ta ni wọ́n gé, ìka ńlá wà lára wọn.

Ọmọ mi kò bá mi wí. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á kí mi, á gbé oúnjẹ fún mi, á wọ yàrá lọ. Ì bá bá mi wí, ì bá sàn fún mi.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà. Òun tó jẹ́ pé èdè òyìnbó ló máa ń fi dá mi lóhùn, Yorùbá ló sọ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Mo mọ̀ pé kò bá mi mu. Mi ò fẹ́ kí inú yín bàjẹ́ ni." Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ bàbá rẹ̀.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Lábúlé wa, àgbà ló mọ ọ̀nà oko, òun ló mọ ibi tí ejò máa ń wà, bí ọmọ bá sì dákẹ́, dídákẹ́ rẹ̀ lè gbà á là. Níbi tí a wà yìí, ọmọ ló mọ òkè tó ń gùn, èmi tí mi ò tẹ yìnyín rí ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Bí ọmọ yín bá ní bàtà kò bá òun mu, ẹ bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fẹ́ ra bàtà tuntun tí yóò máa fi rìn. Ó wá jókòó síwájú mi, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀, ó ní, "Grandpa, ẹ wọ̀n ọ́n." Mo rò pé ó fẹ́ kí n mọ̀ pé òun ti dárí jì mí ni. Ẹyọ ìgbálẹ̀ tí mo fi wọ̀n ọ́n níjọ́sí ṣì wà nínú Bíbélì mi. Mo mú un jáde, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbé àtàǹpàkò mi síbi tí mo fi sílẹ̀ fún ìdàgbà. Àtàǹpàkò mi kò kún àlàfo náà mọ́.