Ìdíje Goro tí a gé kúrú

Ní ọjọ́ tí Bàsírá dìde ní ìpàdé, tó ní kí a gé ìdíje alùpùpù wa kúrú, mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ló ń ṣe. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo wò yíká, tí mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, tí àwọn àgbà sì ń wo ilẹ̀, ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

Lámídì ni orúkọ mi. Alùpùpù ni mò ń tún ṣe ní Tchaourou, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú minimini. Bí ọ̀kan nínú àwọn sémì, ìyẹn àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, bá ń kọjá lójú títì, mo lè sọ ohun tó ń dun ẹ̀rọ rẹ̀ láì gbé ojú sókè. N kò fọ́nnu o. Baba Bùráímọ̀ tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Tchatchou kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan kí a tó tẹ́tí sí ẹ̀rọ. Á ní, "Jẹ́ kó kọ́kọ́ rojọ́ tiẹ̀. Ẹni tó gùn ún wá lè purọ́ fún ọ, òun kì í purọ́." Odindi ọdún kan ni mo fi tẹ́tí lọ́dọ̀ rẹ̀, tí mò ń gbálẹ̀, kí ó tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì.

Ní ti ìdíje yẹn, kò sẹ́ni tó jókòó dá a sílẹ̀. Iyàn ló bí i. Sémì méjì ló ń jiyàn nídìí ẹlẹ́wà, pé ta ló lè yára kó iṣu láti abúlé Goro wá sí Tchaourou jù, láìjẹ́ pé ẹyọ kan dá. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, ó sì di ohun tí à ń ṣe lọ́dọọdún nígbà tí iṣu bá ti jáde. Ẹ óò gbéra níbi ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ẹ óò dé Goro, àwọn obìnrin ibẹ̀ yóò fi rọ́bà tí a gé lára táyà inú di iṣu mẹ́wàá sẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ óò sì padà. Iṣu kan tó bá dá, ipò kan ni yóò fà ọ́ sẹ́yìn. Mo ti rí ẹni tó kọ́kọ́ dé tó di ẹni kẹfà, torí pé ó fẹ́ fi eré dẹ́rù bà wá níbi kòtò kan. Gbogbo wa la fi í rẹ́rìn-ín títí ọdún fi yí po.

Èmi ni olórí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdíje náà, torí èmi ni mo máa ń yẹ ẹ̀rọ gbogbo wọn wò. Ṣùgbọ́n ti Yẹ̀sùfù ni mo máa ń fọwọ́ ara mi tún ṣe láti òkè délẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni. Sémì ni òun náà, ará Ṣábẹ̀ ni ìdílé wọn. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi ń rọbí àkọ́bí wa, òjò ń rọ̀, kò sí ọkọ̀, Yẹ̀sùfù ló gbé e dé ilé ìwòsàn jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin, tí èmi ń fẹsẹ̀ sáré tẹ̀ lé wọn nínú ẹrẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ lásán mọ́.

Yẹ̀sùfù kò pa ìdíje kan jẹ rí, kò sì gba ipò kìíní rí. Ó ti ṣe ìkejì nígbà mẹ́rin. Eré rẹ̀ kò yá, ṣùgbọ́n iṣu rẹ̀ kì í dá, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà jíjìn ni agbára rẹ̀ wà. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, dókítà ti sọ fún un pé ìbàdí rẹ̀ kò lè gba irú wàhálà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó lórí táyà, ó ní, "Lámídì, ẹ̀ẹ̀kan yìí ló kù. Mo fẹ́ gba kìíní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n tó lọ jókòó." Mo ní, "Wàá gbà á." Mo sọ ọ́ bíi pé èmi ni Ọlọ́run.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí ni Bàsírá dìde ní ìpàdé. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ń ta káàdì fóònù, òun ló tún ń tún ojú fóònù tó bá fọ́ ṣe, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Ọmọ dáadáa ni. Ẹnu rẹ̀ ló mú.

Tọ́ntọ́n ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń pe àgbà ọkùnrin. Ó ní, "Tọ́ntọ́n, ẹ má bínú sí mi. À ń dúró nínú oòrùn, a rí wọn bí wọ́n ti ń lọ, vwalà, ó parí. Kí wọ́n tó dé, ìdajì wa ti lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yí pápá tí wọ́n ń sá kajú sí po nígbà mẹ́wàá. Gbogbo wa á máa rí wọn. Kò ní sí iṣu, kò ní sí Goro."

Mo ní, "Kò sí iṣu? Kí ló wá kù níbẹ̀?"

"Eré ló kù, Tọ́ntọ́n. Fídíò tó bá ti gùn, ta ló ń wò ó?"

"Ṣé fídíò ni wá ni?"

"Ẹ́ẹ̀n, ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, àgbà méjìlá àti ewúrẹ́ mẹ́ta ló dúró títí wọ́n fi dé. Mo kà yín."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Èmi náà ti rí àwọn ewúrẹ́ yẹn. Àwọn ọlọ́jà tó ń fún wa ní táyà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn sì ti sọ gbangba pé bí èrò kò bá wá lọ́dún yìí, àwọn kò bá wa ṣe é mọ́. Bí a kò bá gé e kúrú, ìdíje yóò kú. Bí a bá sì gé e, ìrètí Yẹ̀sùfù ló máa kú. Kò sí ọ̀nà àbùjá nínú ọ̀rọ̀ náà.

A dìbò nípa nínawọ́ sókè. Ìhà méjèèjì dọ́gba. Wọ́n wá kọjú sí mi pé kí olórí fi ìbò tirẹ̀ yanjú rẹ̀. Mo wo Yẹ̀sùfù. Fìlà ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, ó ń yí i, ó ń yí i. Mo rántí bí ojú títì ṣe dá páropáro lọ́dún tó kọjá, bí àwọn tó ti fi ẹ̀mí wewu ṣe dé tí kò sẹ́ni tó kí wọn. Mo nawọ́ fún gígé.

Ní ìta, Yẹ̀sùfù bá mi. Ó ní, "Ohun tó tọ́ lo ṣe."

Mo ní, "Ṣé o kò bínú?"

Ó ní, "Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n màá gùn ún. Ta ló mọ̀?"

N kò lè sùn dáadáa títí ọjọ́ fi pé.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan níbí. Nínú alùpùpù, kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín kan wà níwájú tó ń fa ṣéènì. Bí eyín rẹ̀ bá kéré, ẹ̀rọ á fò sókè bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi máa ké, tí yóò sì gbóná. Bí eyín rẹ̀ bá pọ̀, á máa fa ara díẹ̀ kó tó ta, ṣùgbọ́n tó bá ti ta, ó lè rin ìrìn àjò láì mí gúlegúle. Fún ọ̀nà Goro, eléyín púpọ̀ ni. Fún pápá kajú, eléyín díẹ̀ ni. Ọmọdé tó bá lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo tú u, mo fọ kabúrétọ̀, mo pààrọ̀ bùjí tó ń ta iná sí epo. Yẹ̀sùfù ń sọ̀rọ̀ ìgbà èwe wa, èmi náà ń dá sí i, à ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ tó ti ń ṣe ohun kan náà lọ́dọọdún, ta ló ń bi í léèrè?

Ọjọ́ kejì pé. Ẹ gbà mí, èrò! Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ gun igi, àwọn ọmọbìnrin na fóònù sókè, kódà àwọn ọlọ́jà ti ìsọ̀ wọn wá. Mo sọ fún ara mi pé, Lámídì, ọmọ yìí mọ ohun tó ń sọ. Àwọn tó fẹ́ díje tò, wọ́n ta ẹ̀rọ wọn. Gbogbo ẹ̀rọ ń ké fíìn, fíìn. Ti Yẹ̀sùfù nìkan ló ń hùn, nísàlẹ̀, jẹ́jẹ́.

Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn ọ̀nà Goro ni. Eléyín púpọ̀ ni mo fi sí i! Mo ṣí ẹnu láti pariwo, wọ́n ti fọn fèrè.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Yẹ̀sùfù ló ṣe ìgbẹ̀yìn. Kí ẹ̀rọ rẹ̀ tó ta dáadáa, ó ti dé kọ̀rọ̀, á tún ní láti dẹ̀ ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ yà á sílẹ̀, wọ́n sì fi odindi ìyípo kan ṣáájú rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, eré ti tán. Ọmọkùnrin kan láti apá ọjà gba ipò kìíní, wọ́n gbé e sókè, fóònù ń tàn yòò. Èmi ń wá ilẹ̀ tó máa ya kó gbé mi mì.

Gbogbo wọn dúró. Yẹ̀sùfù kò dúró. Ó yí ìyípo rẹ̀ tó kù parí ní òun nìkan, ó gba ẹnu ọ̀nà pápá jáde, ó kọrí sí ọ̀nà Goro.

Àwọn kan pariwo pé, "Bàbá ti ṣìnà o!" Ẹ̀rín sọ.

Bàsírá sáré wá bá mi. "Tọ́ntọ́n, níbo ni wọ́n ń lọ?"

Ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Bàsírá, ta ló sọ fún àwọn ará Goro pé a kò bọ̀?"

Ó wò mí. Mo wò ó. Àwa ìgbìmọ̀ odindi, àti òun tó ń ta káàdì fóònù láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́nì kankan tó pe Goro. Àwọn obìnrin yẹn á ti wa iṣu, á ti gé rọ́bà, á ti jókòó sábẹ́ igi láti òwúrọ̀.

Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í túká. N kò ní parọ́ fún yín, púpọ̀ nínú wọn lọ. Ṣùgbọ́n Bàsírá fi fóònù rẹ̀ sínú àpò, ó jókòó lórí òkúta, ó ní, "Èmi á dúró dè wọ́n." Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jókòó tì í. Nígbà tó yá, ọmọkùnrin tó gba kìíní náà ti ẹ̀rọ rẹ̀ wá, ó dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nípa ìdíje àtijọ́, mo sì sọ fún wọn títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Oòrùn mú wa, kò sẹ́ni tó kùn.

A kọ́kọ́ gbọ́ ìró ẹ̀rọ rẹ̀ kí a tó rí i. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, eruku bò ó, iṣu mẹ́wàá wà lẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ké orúkọ rẹ̀. Wọ́n tú iṣu wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó dá.

Yẹ̀sùfù mu omi, ó ní, "Ìyá àgbà tó ń di iṣu fún wa ní kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Wọ́n ní, ṣé àwọn ará Goro kì í ṣe òǹwòran ni?"

Bàsírá kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Tọ́ntọ́n. Ẹ̀bi mi ni." Mo ní ẹ̀bi gbogbo wa ni. Níbẹ̀ gan-an la ti fẹnu kò pé eré pápá yóò máa wà láàárọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ èyí tó kúrú, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó bá fẹ́ Goro yóò lọ sí Goro. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe é lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yẹ̀sùfù kò gùn ún mọ́. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, èmi náà ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún àwọn tí ojú wọn ṣì ń ríran dáadáa. Àwọn ènìyàn ṣì máa ń bi mí bóyá ó yẹ ká gé e kúrú. Mo máa ń ní ẹ gé e, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi gbogbo àwọn tó ń dúró dè é léèrè.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn kò tíì parí fún mi. A jọ ti ẹ̀rọ náà dé ṣọ́ọ̀bù, àwa méjèèjì péré. Omi ti ń lé sí mi lójú. Mo ní, "Yẹ̀sùfù, dárí jì mí. Èmi ni mo ba tìẹ jẹ́. Eléyín ọ̀nà jíjìn ni mo fi sí i."

Ó ní, "Mo mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti gùn ún kúrò níbí lánàá ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ? Ǹ bá ti pààrọ̀ rẹ̀ wéré!"

Ó gbé ìbàdí rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí táyà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀.

"O ṣe é fún Goro, Lámídì. Mo sì fẹ́ lọ sí Goro."