Àkòrí Tí Kò Ní Nǹkan Kan Lábẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò mutí, mi ò sùn lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sán gangan sì ni. Ojú mi yìí ló rí i, nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Kétu.

Tayé, aránṣọ kan láti àdúgbò Odomèta, ló gbé iṣẹ́ náà wá. Ìyá wọn kú, wọ́n sì fẹ́ ṣe ìwé ìrántí tí wọn yóò pín níbi ìsìnkú. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò dágbére fún ìyá nínú rẹ̀.

Ẹ má bínú o, kò sí ẹni tó mọ àkòrí í tò bí èmi ní gbogbo Kétu. Mi ò kì í fọwọ́ tẹ nọ́ńbà. Mo ti ṣètò kọ̀ǹpútà mi: àkòrí ńlá á jẹ́ 1, 2, àwọn tó wà lábẹ́ 2 á jẹ́ 2.1, 2.2. Ẹ̀rọ ló ń kà wọ́n fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan, àwọn tó kù á sún sókè.

Orí kejì ni tàwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ni 2.1.

"Tantí, ẹ kọ Kẹ́hìndé ṣáájú mi," ni Tayé wí; Tantí ni wọ́n ń pe àǹtí lọ́dọ̀ wa. "Ẹ fi abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo."

"Òun náà dà?"

"Ó lọ ṣẹ́gi láti kékeré."

Lọ́dọ̀ wa níbí, a kì í sọ pé ìbejì kú. A máa ń ní ó lọ ṣẹ́gi ni, ohun tí a bá sì fún èyí tó kù, a ó fún òun náà. Mo kọ ọ́: Kẹ́hìndé 2.2, Tayé 2.3. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wọn ní Kutọnu lórí fóònù, torí òun ló ń sanwó, ibẹ̀ ni yóò sì ti tẹ èyí tí wọn yóò pín.

Kíá ló pè mí. "Àkòrí wo ni kò lọ́rọ̀ lábẹ́ yẹn? Yọ ọ́! Báwo ni òkú ṣe máa dágbére?"

Ká sòótọ́, èmi náà kórìíra àkòrí òfìfo, ó ń ba ojú ìwé jẹ́. Mo yọ Kẹ́hìndé. Tayé sún sókè, ó di 2.2. Mo tún fi í ránṣẹ́.

"Tantí, òtútù ń mú mi," Tayé ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó gbórí lé tábìlì. Ooru ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ.

Mo wo ojú ẹ̀rọ. Tayé ti padà di 2.3. Lẹ́yìn 2.1, 2.3 ló kàn! Mo wá àkòrí tó fara pa mọ́, kò sí. Mo tún gbogbo ètò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, 2.3 náà ni. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rọ kì í ṣì í kà.

Òórùn igi tútù gba inú ṣọ́ọ̀bù. Mo gbójú sókè.

Tayé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ru ìdì igi, omi sì ń kán lára igi náà nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí a wà. Bẹ́ẹ̀, Tayé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, orí rẹ̀ wà lórí tábìlì.

"Ẹ ti fún un ní àyè mi," ni ẹni tó ru igi sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó dáa. Kó máa bọ̀ ní ibi tí mo wà."

Mo dá orúkọ Kẹ́hìndé padà, mo fi abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Nígbà tí mo tún wo ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹnikẹ́ni. Tayé gbórí sókè, ó ní oorun gbé òun lọ, ó tọrọ omi mu. Ẹkún ni mò ń sun. Mo tẹ ẹ̀dà kan fún un, ó gun ọ̀kadà lọ sílé.

Ó ti lọ, ilẹ̀ sì ti ń ṣú, kí n tó rántí èyí tí kò ní Kẹ́hìndé tí mo ti fi ránṣẹ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n wọn.

"Wọ́n ti tẹ gbogbo rẹ̀ tán ní Kutọnu," ó ní. "Ó dára gan-an ni."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má pín in. Ó rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù.

Àná ni wọ́n sìnkú, wọ́n sì pín in. Láti àárọ̀ ni mo ti ń pe Tayé. Wọ́n ń gbé e, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Igi ni mò ń gbọ́ tí wọ́n ń ṣẹ́, ẹni méjì ni wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń to ìwé fún ìdílé, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí àkòrí tí kò ní nǹkan kan lábẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.