Torleiv Kọ́ Bí A Ṣe Ń Yin Ènìyàn

Ọkọ̀ ojú omi ni Torleiv ń kàn. Baba rẹ̀ kan ọkọ̀, baba baba rẹ̀ kan ọkọ̀, létí omi kan náà ní Hardanger nílẹ̀ òyìnbó, níbi tí òkun ti wọ àárín òkè lọ bí àlejò tó ṣìnà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Kò fẹ́yàwó. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lábúlé rẹ̀, wọn kì í ka ìyẹn sí àléébù.

Òun àti Eilif àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n á fi ooru omi gbígbóná mú pákó rọ̀, ọ̀kan á di orí mú, ìkejì á di ìdí mú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ kó tó tutù. Ẹnì kan ò lè dá a ṣe. Eilif wá kú lọ́jọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún, lójijì, nígbà tó ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀. Gbogbo ìyókù ìgbà òtútù náà ni Torleiv fi jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù láìkan ìṣó kan. Èémí ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́.

Ìgbà tó yá ni Maribeth dé láti Amẹ́ríkà. Ó ti kọ lẹ́tà ṣáájú, ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ó ga, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó pe Torleiv ní "ọ̀gá." Torleiv bojú wẹ̀yìn kó lè rí ẹni tó ń pè.

"Torleiv ni mò ń jẹ́," ó wí.

"Ó dáa, Torleiv! Ṣọ́ọ̀bù rẹ yìí rẹwà ju gbogbo ohun tí mo ti rí láyé lọ!"

Torleiv wo ṣọ́ọ̀bù náà. Òrùlé ń jò lápá kan.

Bó ṣe rí nìyẹn fún oṣù mẹ́wàá. Kọfí tí Torleiv ń sè, tó korò bí ewúro, Maribeth ní kò sí irú ẹ̀ láyé. Òjò rọ̀, ó ní òjò náà dára. Ó ń kí ọlọ́jà, ó ń kí onímọ́tò, ó ń kí àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, tí wọ́n jìnnà síra wọn bí òpó iná. Bàtà wọn ni àwọn yẹn ń wò.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dára. Láti oṣù kejì tó dé ni Torleiv ti rí i. Eilif gan-an kò mọ̀ ọ́n kàn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lọ́jọ́ orí yẹn. Torleiv ò sọ fún un. Kí ló fẹ́ sọ? Iṣẹ́ tó bá dára, ojú ń rí i. Ìgbà tó bá bàjẹ́ lèèyàn ń lanu. Yinniyinni kẹ́ni ṣe mìíràn, òwe yẹn kò tíì sọdá omi dé abúlé wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni baba Torleiv yìn ín láyé. Ó wo ọkọ̀ tí ọmọ náà kọ́kọ́ kàn, ó tutọ́ sómi, ó ní, "Kò burú." Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Torleiv fi ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ní oṣù Júláì, lọ́jọ́ Àìkú kan, Gudny wá. Ẹ̀gbọ́n Torleiv obìnrin ni, òun ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lórí ọkọ̀ tó ń gbé mọ́tò sọdá omi. Ó gbé ẹja sísè àti ànàmọ́ wá. Kò tíì jókòó tó fi sọ̀rọ̀.

"Ọmọ Amẹ́ríkà yẹn ń lọ."

"Ó ń lọ síbo?"

"Sílé. Òpin oṣù yìí. Ó ní òun ò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ."

Torleiv gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun fúnra rẹ̀, lórí ọkọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi ń sọdá, ó ti sọ orúkọ ìyá rẹ̀, orúkọ ajá wọn, àti orúkọ ọkùnrin tó já a sílẹ̀. Ìwọ tó o ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti oṣù mẹ́wàá, kí lorúkọ ìyá rẹ̀?"

Torleiv ò mọ̀.

"Ó ní o ò yin òun rí."

"Mi ò bú u rí náà."

"Ìyẹn, ìyìn ni lọ́dọ̀ tiwa. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá dákẹ́, inú ló ń bí i."

Ẹja náà ń tutù nínú àwo. Ọkọ̀ méjì ló gbọ́dọ̀ parí kí yìnyín tó dé. Bí ọmọ yìí bá lọ, kò sí ẹni tó máa di ìdí pákó mú. Torleiv á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ara ògiri, ó tán. Iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé.

"Kí ni kí n ṣe?" ó béèrè.

"Yìn ín."

"Báwo?"

"Fi ẹja mi kọ́ ọ."

Torleiv wo ẹja náà. "Kò burú."

"Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́ ìyẹn. Ará Amẹ́ríkà ò ní gbọ́ ọ. Tún un sọ."

"Ẹja yìí dára."

"Fi 'gan-an' sí i."

"Ó dára… gan-an." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀ yọ.

"Rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín.

"Ó tó, ó tó! Gbé ẹ̀rín yẹn padà síbi tó o ti mú un. O máa dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Maribeth ń kan ìṣó lọ́wọ́ nígbà tí Torleiv wá dúró níwájú rẹ̀. Ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí.

"Maribeth. Iṣẹ́ rẹ dára gan-an. Ọwọ́ rẹ mọ́. O kì í pẹ́ dé. O… o ń lu ìṣó dáadáa. Inú mi dùn pé o wá."

Maribeth gbé òòlù sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti funfun bí ògiri.

"O ń lé mi lọ," ó wí.

"Èmi?"

"Má tàn mí, Torleiv. Lọ́fíìsì tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ohio, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá mi pè mí wọlé, ó yìn mí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní irú mi ṣọ̀wọ́n. Lẹ́yìn náà ló na páálí sí mi, ó ní kí n kó ẹrù mi sí i. Mo mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀!"

"Mi ò ní páálí," Torleiv wí.

Omi ti ń bọ́ lójú ọmọ náà. Ó ṣe Torleiv bíi kó jáde lọ wo ojú omi. Ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin abúlé rẹ̀ ń lọ tí ẹnì kan bá ń sunkún. Kò jáde. Ó fa àpótí, ó jókòó, ó nawọ́ sí ààrò onírin tó wà nígun ṣọ́ọ̀bù.

"Pákó tó bá bàjẹ́, kí ni mo ń fi ṣe?"

"O ń dáná sun ún."

"Tìrẹ mélòó ni mo ti sun?"

Maribeth nu imú. "Méjì. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́."

"Látìgbà náà ńkọ́?"

Maribeth wo ọkọ̀ tó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, pákó mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Ó wo ààrò. "Kò sí."

"Èèyàn máa kó ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ yẹn, á sì wà á lọ sójú omi. Mo fi pákó rẹ sí i. Kí lo tún fẹ́ kí n sọ?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Eilif, Torleiv ò tíì sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Maribeth tún wo ààrò náà. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín tòun ti omijé.

"Mo rò pé o ò fẹ́ràn mi ni! Gbogbo ìgbà tí mo ń yin kọfí rẹ, o ò dá mi lóhùn rí."

"Mo rò pé o fẹ́ ta nǹkan fún mi ni."

"Torleiv!"

"Kọfí yẹn ò dára. Èmi ni mò ń sè é, mo mọ̀."

"Òótọ́ ni," Maribeth wí. "Ó burú jáì."

Torleiv mi orí bí ẹni tó gbà. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ létí lọ́jọ́ náà.

"Ṣé o máa dúró?" ó bi í. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Eilif ò sí mọ́. Mi ò lè dá a kàn."

Maribeth ò gbọ́ kó dárúkọ yẹn rí. Fọ́tò tó wà lára ògiri ló fi mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ ṣáájú òun. Ó nu ojú rẹ̀.

"Màá dúró. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Ẹtì, o gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ dídùn kan fún mi."

"Ọ̀kan lóṣù."

"Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀!"

"Ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ìwọ náà, má yin òjò mọ́."

"Mo gbà!" Ó fò mọ́ ọn, ó gbá a mọ́ra. Torleiv dúró gbọnin, apá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, bí òpó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Kò já ara rẹ̀ gbà.

Lọ́sàn-án ó jáde síta, ó pe Gudny lórí fóònù. Ariwo ẹ̀rọ ọkọ̀ ń dún níbi tí ìyẹn wà.

"Ó máa dúró," Torleiv wí.

"Ọlọ́run ṣeun! Kí lo sọ fún un?"

Torleiv yọjú wo inú ṣọ́ọ̀bù lójú fèrèsé. Maribeth ń kọrin, ó ń fi ọ̀dà kun ara ọkọ̀.

"Ó pọ̀ jù," ó wí, ó sì pa fóònù.