Ẹsẹ̀ Ọmọ Mi Lẹ́yìn Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn

Ọdún tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún ọmọbìnrin mi ní ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà. Dókítà ní àwọn kò ní kùn ún lóorun, nítorí ó ti jẹun kí ìrọbí tó mú un, oúnjẹ sì lè gòkè wá dí i lọ́nà ọ̀fun. Abẹ́rẹ́ ni wọn yóò gún un lọ́pàá ẹ̀yìn. Ara rẹ̀ yóò kú láti ikùn dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ yóò sì là sílẹ̀.

Ọ̀pá ẹ̀yìn yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ní àdúgbò wa ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, ọkùnrin kan já bọ́ láti orí òrùlé, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́. Láti ìgbà náà, gbígbé ni wọ́n ń gbé e jáde sí oòrùn. Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá ẹsẹ̀ ọmọ mi yóò padà. Ó ní yóò padà, pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mira; ṣùgbọ́n títí dìgbà náà, ohun gbígbóná kankan kò gbọ́dọ̀ kàn án.

Ìyá ọkọ ọmọ mi kò sí níbẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ bẹ́ẹ̀. Ìwàrà ló ti wá, ó gbé fíláàsì omi gbígbóná àti aṣọ ìnura dání, nítorí kò sí ìyàwó tó bímọ nílé wọn tí wọn kì í fi omi gbígbóná jó lára.

Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ mi dé orí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Màámi, ẹ bá mi wò ó, ṣé ẹsẹ̀ mi ṣì wà níbẹ̀?" Ó ń ṣeré ni. Mo já a léèékánná nítan. Kò mọ̀.

Mo lọ wo ọmọ tuntun. Nígbà tí mo padà, àna mi ti wé aṣọ ìnura mọ́ ojúgun ọmọbìnrin mi.

"Ìyàwó mi, imú ọmọ yìí, imú ọkọ rẹ ni. A ò lè sẹ́ ẹ."

"Imú ràbàtà yẹn kẹ̀, Màmá?" Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín.

Oru ń jáde lára aṣọ náà. Mo fọwọ́ kàn án, ó jó mi. Ọmọ mi ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Mo já aṣọ náà dànù. Ojúgun rẹ̀ ti pọ́n.

"Àna mi, kí ló dé?"

"Màmá, kò mọ̀ ọ́n lára! Ẹsẹ̀ yẹn ti kú!" ni mo ké.

Nọ́ọ̀sì sáré gbé omi tútù dé. "Ta ló ní kí ẹ bọ èèyàn bí iṣu?"

Àna mi jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. Àwa méjèèjì tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ náà. Bí eṣinṣin bá bà lé e, mo máa rò pé ó mira. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé, mo sì ń ro bí n ó ṣe máa gbé ọmọ mi jáde sínú oòrùn láràárọ̀.

Lẹ́yìn náà, ọmọ ìka kan tẹ̀, ó tún nà. Ọmọ mi wa eyín pọ̀.

"Màámi, kí lẹ fi jó mi lẹ́sẹ̀? Yéè! Ó ń ta mí!" Ó bú sẹ́kún.

"Sunkún dáadáa, ìyàwó mi," ni àna mi wí, òun náà ń sunkún.

Mo tún já a léèékánná nítan, kó lè dá mi lójú. Ó gbá ọwọ́ mi dànù.